Àwọn Àlejò Omi ní Òkè-Iyanrìn

Ẹ sún mọ́ mi níbí, ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ti Kútọnu dé. Ẹ ní kí n sọ bí Òkè-Iyanrìn ṣe rí nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, nítorí ẹ̀yin náà ti débẹ̀ lánàá, ẹ ti ya fótò, ẹ ti rìn lórí iyanrìn, ẹ sì ti padà wá pẹ̀lú ojú pupa nítorí oòrùn. Ó dára. Màá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ti ìgbà náà láìsọ ti ìjà tó wọ ilé wa lóṣù tó kọjá, nítorí inú ara wọn ni méjèèjì wà.

Ẹ mọ̀ pé Ròsálì, ọmọ ọmọ mi, ló ń mú àwọn àlejò rìn lórí erékùṣù yẹn. Gídì ni wọ́n ń pè é. Àwọn yòvó, ìyẹn àwọn òyìnbó, ń wá, àwọn ará Àjàṣẹ́ tó ń wọ aṣọ funfun lọ ṣọ́ọ̀ṣì náà ń wá, wọ́n á bọ́ bàtà sí etí omi, wọ́n á gbàdúrà níbẹ̀. Iṣẹ́ rere ni, mo sì ń fi ọmọ náà yangàn káàkiri Pọ́bẹ̀ débi pé àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń sá fún mi. Lóṣù tó kọjá, ó ní kí èmi àti ìyá àgbà rẹ̀ wá wo ibi iṣẹ́ òun. Ó gbé wa sínú ọkọ̀ ojú omi tó ní ẹ́ńjìnì, ó wọ̀ wá ní ẹ̀wù pupa tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Ẹ̀wù yẹn sọ mí di ìrọ̀rí, mi ò lè tẹ ọwọ́ mi sílẹ̀ títí a fi dé.

Nígbà tí a dé àárín igbó, Ròsálì súfèé. Ọ̀bọ kan sọ̀ kalẹ̀ láti orí igi, ó rìn tààrà wá bá a, ó gba búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo ayọ̀, gbogbo fóònù ló gòkè. Àfi bí ìyá àgbà yín ṣe fa igi gbígbẹ kan yọ nílẹ̀, tó sì na ọ̀bọ yẹn lẹ́yìn, gbàà! Ó lé e, ó ń bú u, títí ọ̀bọ fi gun igi lọ. Ó wá gba ìyókù búrẹ́dì lọ́wọ́ Ròsálì, ó sọ ọ́ sómi.

"Ìyá àgbà, kí ló ṣe yín? Ẹ dójú tì mí!"

Ìyá àgbà yín yí padà, ó ń lọ síbi ọkọ̀. Bí a ṣe délé nìyẹn, tí Ròsálì kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́, tí kò jẹ oúnjẹ rẹ̀, tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí àlejò nínú ilé ara rẹ̀. Ìyá àgbà rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé ní tirẹ̀, ó ń gbá ibi tó ti gbá tẹ́lẹ̀. Mi ò fẹ́ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ilé. Lẹ́yìn òun fúnra rẹ̀, èmi nìkan ni mo mọ ohun tó fà á, nítorí gbogbo àwọn tó bá wa rí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà náà ti kú.

Òkè-Iyanrìn tí ẹ rí yẹn, kì í ṣe gbogbo ọdún ló ń jẹ́ erékùṣù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ lè kọjá ìlú Ìsaba, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ láàárín ilẹ̀ dúdú tó ti gbẹ, tó ti là yẹ́ríyẹ́rí. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti rọ̀ títí, ilẹ̀ dúdú yẹn á mu omi yó, kò ní lè mu mọ́, omi á sì bo gbogbo ọ̀dàn. Ibi gíga tí iyanrìn wà nìkan ló ń kù lókè. Iyanrìn rẹ̀ funfun, ó mọ́, ó máa ń tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ láàárọ̀. Ilẹ̀ dúdú ní tirẹ̀, olè ni. Á bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ènìyàn, kò sì ní dá a padà. Bàtà mi kan wà níbẹ̀ di òní. Kí ẹni tó bá rí i máa wọ̀ ọ́ lọ.

Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, bí omi bá ti ń gòkè, àwa ará abúlé á kó ẹní àti ìkòkò sínú ọkọ̀ igi, a ó lọ gbé ibẹ̀ títí omi á fi fà. Ẹja là ń lọ pa. Àwọn ọkùnrin ń dẹ ìgèrè sáàárín koríko kí ẹja lè kó sínú rẹ̀, àwọn obìnrin ń yan ẹja lórí iná, wọ́n sì ń gé koríko odò tí wọ́n fi ń hun ẹní. Èéfín á wọ aṣọ wa débi pé, bí a bá dé ọjà Ṣakẹ́tẹ́ lẹ́yìn náà, ajá á máa tẹ̀lé wa kiri. Lónìí, inú páálí ni ẹja ti ń wá láti Kútọnu, ó ti le bí igi, ẹni tó ń tà á kò mọ omi tó ti jáde. Ẹ̀yin náà ń jẹ ẹ́, ẹ ní ó dùn. Mi ò bá yín jà.

Ẹ ò lè mọ bí ibẹ̀ ṣe ń dún. Nísinsìnyí, ẹ́ńjìnì ló ń kọ́kọ́ ké láàárọ̀. Nígbà náà, ọ̀pá ọkọ̀ la máa ń gbọ́: ó wọ omi, ó kan ìsàlẹ̀, ó jáde, omi ń kán lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ ń ké, kò sinmi. Àgbìgbò á fò kọjá lókè, ìyẹ́ rẹ̀ á máa dún fùù, fùù, bí ẹni tó ń fẹ́ iná. Àwọn obìnrin á máa ké sí ara wọn láti ìdí iná kan dé èkejì pé ta ló ní iyọ̀. Kò sí ẹni tó ń ní iyọ̀ rí. Ọjọ́ tí ìgèrè bá kọ́kọ́ mú ẹja ni ọdún wa. Inú àwo ńlá kan ni gbogbo wa ti ń jẹ ẹja ọjọ́ náà, lórí iyanrìn, ẹni tó bá sì ń bá ẹnì kan jà gbọ́dọ̀ na ọwọ́ sí àwo pẹ̀lú rẹ̀. Bàbá Ọlọ́kọ̀ ni olórí wa níbẹ̀, òun ló ni ọkọ̀ tó tóbi jù. Á ta ọtí sódàbì díẹ̀ sílẹ̀ kí a tó jẹun, á wá mu èyí tó pọ̀. Bí ó bá mu ún tán, á ní omi ti kí wa.

Kì í ṣe àwa nìkan ni omi ń lé wá síbẹ̀. Ẹtu ń wá, ọ̀yà ń wá, òkété, àgbọ̀nrín, ahun, ọ̀bọ tí omi ti bo ìdí igi rẹ̀, gbogbo wọn ló ń lúwẹ̀ẹ́ wá sórí iyanrìn. Àlejò omi là ń pè wọ́n. Àwọn tó ń ṣọdẹ láàárín wa máa ń fi ìbọn wọn sílẹ̀ nílé. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tiwa wà, láti etí omi dé àgọ́. Ti àwọn ẹranko wà, láti inú igbó lọ síbi tí wọ́n ti ń mu omi. Níbi tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé, wàá dúró, wàá pàtẹ́wọ́, wàá mú sùúrù díẹ̀ kí ẹranko tó bá ń bọ̀ lè yà. Ọ̀nà tí Ròsálì ń mú yín rìn yẹn náà ni. Wọ́n ti fi ọ̀dà kun ọfà sára igi rẹ̀ báyìí, kò sí ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ mọ́.

Òfin wa kò ṣòro. A kò gbọ́dọ̀ pa àlejò omi, a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, a kò sì gbọ́dọ̀ fún un lóúnjẹ. Ti pípa yé gbogbo ènìyàn. Ti oúnjẹ ni kì í yé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ọdún tí mo gbé ìyá àgbà yín níyàwó ni mo kọ́kọ́ mú un lọ síbẹ̀. Abẹ̀ní lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Ṣakẹ́tẹ́ ni, ẹ̀bá ọ̀nà Àjàṣẹ́ ni wọ́n ti tọ́ ọ, níbi tí wọ́n ti ń ta gàrí. Ó mọ ohùn ọkọ̀ akẹ́rù, ó mọ bí wọ́n ṣe ń pe oníbàárà, ṣùgbọ́n omi tó ju ti inú ìkòkò lọ, kò rí i rí. Nígbà tí a dé ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé, gbogbo wa dúró, a pàtẹ́wọ́. Abẹ̀ní rò pé àgbàlagbà kan ló ń bọ̀ tí a ń kí. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́, ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, bàbá." Òkété kan ló sáré kọjá níwájú rẹ̀, kò dúró dáhùn.

A rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn wá. Ìyá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ Ṣakẹ́tẹ́, dìde." Bó ṣe ń pè é nìyẹn láti ìgbà náà lọ. Kò pè é ní ìyàwó rí. Ó ti fẹ́ kí n fẹ́ ọmọ tí wọ́n bí sétí omi, tí kò ní máa bi òun léèrè gbogbo nǹkan.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, òjò ńlá kan rọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Abẹ̀ní lọ fọ ìkòkò létí omi, ó sì rí ọmọ ẹtu kan tó ń jà láti jáde. Kò tóbi ju ológbò lọ. Etí rẹ̀ kan ti ya, ó ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e, ìyá rẹ̀ kò sí nítòsí. Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ni ẹ̀yin ìbá ṣe? Ohun tí ẹ̀yin ìbá ṣe náà ló ṣe. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó fi we ẹran náà, ó gbé e wá sẹ́bàá iná. Ó rẹ gàrí sómi, ó ń fi ìka tọ́ ọ lẹ́nu. Nígbà tí ara rẹ̀ yá tó fẹ́ máa rìn kiri, Abẹ̀ní bẹ̀rù kó má baà kó sínú iná, ó fi okùn so ó mọ́ òpó àgọ́ wa. Ohun tí ìyá mi bá nìyẹn nígbà tó ti ibi koríko dé: àlejò omi nínú okùn, gàrí lẹ́nu rẹ̀, ọmọ Ṣakẹ́tẹ́ ń kọrin fún un.

Ìyá mi figbe ta. "Ta ló ní kó o so ó? Ta ló ní kó o fún un lóúnjẹ?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ó ń kú lọ ni."

"Ṣé o ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ fún ọ lọ́jọ́ tó o dé ni?"

"Mo gbọ́. Mo rò pé ti pípa ni wọ́n ń sọ."

Gbogbo àgọ́ pé lé wa lórí. Bàbá Ọlọ́kọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó tú okùn náà. Ẹtu dìde, ó wo gbogbo wa, ó rìn lọ síbi ẹsẹ̀ Abẹ̀ní, ó sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Bàbá Ọlọ́kọ̀ kò bínú, àánú ló ṣe é, mo rí i. "Ọmọ mi," ó ní, "o rò pé o ti gbà á là. Bí omi bá fà, àwọn ọdẹ á gbé ìbọn wọn. Ẹran yìí á gbóòórùn ènìyàn, á sì lọ bá a bó ṣe wá bá ọ yìí. Ṣé gàrí ni ẹni yẹn á fún un?"

Ìgbà yẹn ló yé e. Ó bo ẹnu rẹ̀.

Ìyá mi ní kí wọ́n wa ọkọ̀ gbé e lọ fún àwọn òbí rẹ̀ ní Ṣakẹ́tẹ́ lójú ẹsẹ̀, òun ò lè bá ẹni tí kì í gbọ́ràn gbélé. Mo lanu, ó ní kí n pa á dé. Ọkọ ìyàwó ni mí, àmọ́ ọmọ ìyá mi ni mí kí n tó di ọkọ ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ràn Abẹ̀ní. Mo rò pé màá pàdánù rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bàbá Ọlọ́kọ̀ ló bá wa dá sí i. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí omi yìí lọ, kó sì tún padà wá. Tí a bá rí ẹtu yìí láàyè lọ́dún tó ń bọ̀, tó ti di ẹran igbó padà, ọ̀rọ̀ ti tán, ìyàwó yín ni. Tó bá tẹ̀lé wa wọ̀lú tí wọ́n sì pa á, ẹ dá ọmọbìnrin yìí padà sílé rẹ̀, mi ò ní bá yín jiyàn." Ìyá mi ní òun gbà. Lọ́jọ́ tí ìgèrè kọ́kọ́ mú ẹja, òun àti Abẹ̀ní na ọwọ́ sí àwo kan náà bí àṣà ṣe wí. Ìyá mi jẹun, kò wo ojú rẹ̀.

Kí n má purọ́ fún yín, mo fẹ́ràn ẹtu yẹn. Ó máa ń sáré lórí iyanrìn láìsí ohun tó ń lé e, á fò, á yí padà, á tún sáré bọ̀. Abẹ̀ní kò fún un ní nǹkan kan mọ́. Ó ń lé e, ó ń jágbe mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò le, ẹran náà sì mọ̀. Ó kọ́ láti máa já ewé jẹ fúnra rẹ̀, ó sì ń dàgbà, àmọ́ ìdí àgọ́ wa ló ń padà sí. Bí Abẹ̀ní bá lọ pọnmi, á tẹ̀lé e. Bó bá ń hun ẹní, á dùbúlẹ̀ sórí èyí tó ti hun.

Nígbà tó yá, omi fà. Ọjọ́ tí a máa kúrò, ẹtu yẹn tẹ̀lé Abẹ̀ní dé ibi tí iyanrìn parí sí, ó ti gbé ẹsẹ̀ sínú ilẹ̀ dúdú.

"Bá mi lé e," Abẹ̀ní sọ fún mi.

Mo ju ògúlùtu sí i. Ó sá lóòótọ́, ó sá lọ fara pamọ́ sẹ́yìn Abẹ̀ní. Gbogbo ènìyàn ti gbé ẹrù sórí, wọ́n dúró, wọ́n ń wò. Abẹ̀ní sọ tirẹ̀ kalẹ̀. Ó mú ògúlùtu, ó sọ ọ́ lù ú. Ẹtu fò sókè, ó tún padà wá, ó ń gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀ bóyá oúnjẹ ni. Mo ti sin òbí, mo ti sin ọmọ, síbẹ̀ ohun tó tẹ̀lé e ṣì ń dùn mí bí mo bá rántí. Abẹ̀ní fa pàṣán kan yọ nínú ẹrù koríko, ó nà án. Ó nà án ní ìhà, ó nà án lẹ́yìn, ó ń bú u ní gbogbo èébú tí wọ́n mọ̀ ní ọjà Ṣakẹ́tẹ́, omijé sì ń ṣàn wọ inú ẹnu rẹ̀. Ẹtu ké bí ọmọ ọwọ́. Ó yí padà, ó wọ igbó lọ. Abẹ̀ní ju pàṣán nù, ó gbé ẹrù rẹ̀, ó sunkún títí a fi dé Ìsaba. Ìyá mi ń lọ níwájú.

Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, bí ọdẹ bá gbé ẹtu kọjá níwájú ilé wa, Abẹ̀ní á sáré jáde lọ wo etí rẹ̀. Àwọn ọdẹ rò pé ẹran ló fẹ́ rà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í polówó. Á padà wọlé, á jókòó, ẹ ó sì rí i pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mí. Lọ́jọ́ kan, ó ń po ọkà lọ́wọ́ nígbà tí ọdẹ ké lóde. Kó tó dìde, ìyá mi ti jáde. Ìyá mi padà wá, ó ní, "Kì í ṣe òun," ó sì kọjá lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Mo ń wo àwọn méjèèjì.

Omi tún dé lọ́dún kejì, a tún kó lọ. Níbi tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé, a dúró, a pàtẹ́wọ́. Abẹ̀ní wà níwájú, mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Ewé mì. Ẹtu kan jáde, ó ti dàgbà, ara rẹ̀ ń dán, etí rẹ̀ kan ya. Abẹ̀ní kò pàtẹ́wọ́ mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kan ti ń nà síwájú, mi ò rò pé ó mọ̀. Ẹtu wò ó. Lẹ́yìn náà ó sá! Ó sá bí ẹni tí wọ́n yìnbọn sí, ó fò kọjá kùkùté, ó wọ igbó, a kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

"Ó sá fún mi!" Abẹ̀ní ń pariwo, èjìká rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ wò ó o, ó sá fún mi!"

Ìyá mi ti ẹ̀yìn wá. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ ẹrù kúrò lórí Abẹ̀ní, ó gbé e ka orí ara rẹ̀. "Ìyàwó mi," ó ní, "jẹ́ ká máa lọ."

Ohun tí mo sọ fún Ròsálì lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn. Mo sọ fún un pé ní ìgbà tiwa, ọdẹ ń fi ìbọn sílẹ̀ nílé. Lónìí, kò sí ẹni tó ń fi nǹkan kan sílẹ̀ nílé, ọ̀bọ tó sì ti mọ búrẹ́dì kò lè mọ ẹni tó wá ya fótò yàtọ̀ sí ẹni tó wá wá ẹran. Ọmọ náà dìde, ó lọ bá ìyá àgbà rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, èmi náà sì yọ́ tẹ̀lé e, nítorí ilé mi ni.

"Ìyá àgbà," ó ní, "bàbá àgbà ní ẹ̀rín lẹ̀ ń rín nígbà tí ẹtu yẹn sá."

"Ẹ̀yìn mi ni bàbá àgbà rẹ wà. Kò rí ojú mi. Ẹkún ni mò ń sun."

Ròsálì jókòó tì í. "Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi nìyẹn. Bí gbogbo wọn bá ń sá, kí ni àwọn àlejò mi á máa rí wò?"

Ìyá àgbà yín fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó fa ọmọ náà mọ́ra.

"Jẹ́ kí wọ́n máa wò ó bó ṣe ń sá," ó ní. "Èmi ti wò ó rí. Mi ò tíì rí ohun tó dára tó ìyẹn."